Ẹ̀yìn Tẹlifíṣọ̀n Ni Mo Wà Nígbà Tí Kábíyèsí Jókòó

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọwọ́ mú, àwọn kan nínú yín ti bi mí pé kí ni ènìyàn lè rí nídìí títún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Gbogbo ayé ló jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ń wo àwòrán, èmi ń wo yín. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n, ojú yín ni mo fi ń mọ̀. Bí wọ́n bá pa akọni inú fíìmù, ojú yín náà ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́.

Mùsíbáù ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé àdúgbò Ndokoti lónìí tí ẹ béèrè Mùsíbáù, wọn á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Papa Télé ni kí ẹ béèrè. Ìlọ́fẹ̀ ni ìlú bàbá mi nílẹ̀ Yorùbá, Douala yìí, ní Cameroun, ni wọ́n bí mi sí. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé rẹpẹtẹ. Bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ bá Ọ̀gá Ràímì, ọmọ Ọ̀fà, ó ní, "Ẹ bá mi kọ́ ọ. Ẹ má fún un lójú." Ó tán. Owó tí mo rí níbẹ̀ bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi, kò sì sọ mí di olówó.

Ọ̀gá Ràímì kì í pariwo. Ọ̀gá tí kì í pariwo ni kí ẹ bẹ̀rù. Fún ìgbà pípẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun tó ń tanná. Aáyán ni mò ń lé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ní Douala yìí, inú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń gbóná, aáyán sì fẹ́ràn ooru. Bí a bá ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n gbajúmọ̀ kan, agbo ilé aáyán la ó bá níbẹ̀, bàbá, ìyá, àwọn ọmọ, àti àwọn àna tó wá kí wọn. Èmi ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì lé wọn jáde, tí mo sì ń nu eruku. Bí mo bá kùn, ọ̀gá á ní, "Ẹni tí kò bá lè gbá ilé, kò lè tún un kọ́."

Òfin kan ló fi dè mí: n kò gbọdọ̀ yọjú wo àwòrán nígbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà burú. Bí ẹ tilẹ̀ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, iná ṣì ń sùn nínú rẹ̀, ó ń dúró dè yín. Ẹni tó bá na ọrùn síwájú kó lè rí ohun tó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, iná á gbá a dànù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo dígí. Ọ̀gá ní dígí onígun mẹ́rin kan tí férémù rẹ̀ jẹ́ igi. Orí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n la máa ń gbé e lé, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè máa rí àwòrán nínú rẹ̀ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n dígí a máa yí ọ̀tún sí òsì. Ọ̀gá á ní, "Sún àwòrán yẹn sí òsì." Èmi á wo dígí, màá sún un sí ọ̀tún. Ó á fi ìka ta mí létí, pá! "Ohun tó o rí kọ́ ló wà níbẹ̀. Kọ́kọ́ yí i padà nínú orí rẹ ná." Etí mi wú títí orí mi fi gbọ́n. Lónìí, bí mo bá rí ènìyàn nínú dígí, mo ti yí i padà kí n tó mọ̀ pé mo yí i. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dígí yìí wà lọ́kàn yín, a ó padà bá a.

Ìjàǹbá kan ṣẹlẹ̀ sí wa, ọba ló sì fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba náà kò mọ̀ wá. Ọmọ ọba òyìnbó kan ń gbéyàwó, tẹlifíṣọ̀n fẹ́ gbé e láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ọ̀gá gbé tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù wa síta, ó gbé e lé tábìlì. Ndokoti dúró gbagidi. Àwọn awakọ̀ takisí pa ọkọ̀ wọn, àwọn tó ń ta ẹ̀wà àti pọfupọ́ọ̀fù sọ igbá kalẹ̀. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni èmi àti ọ̀gá wà, à ń fi dígí ṣọ́ àwòrán. Aṣọ ìyàwó gùn, ó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan ké, "Eh! Na who go wash this one?" Ẹnìkejì rẹ̀ dá a lóhùn, "C'est le mari! Ọkọ ni!" Àwọn ọkùnrin ní rárá o, àwọn kò lè fẹ́ irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo wo ojú wọn, inú gbogbo wọn dùn bí ẹni pé àbúrò wọn ni wọ́n ń gbé níyàwó.

Ìgbà tí ọkọ àti ìyàwó jáde sí òkè ilé láti juwọ́ sí ará ìlú, ariwo sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn fẹ́ rí i, wọ́n ti àwọn tó wà níwájú. Ẹsẹ̀ tábìlì yẹ̀. Ọ̀gá sáré yọ síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gbá tẹlifíṣọ̀n mú, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Gíláàsì rẹ̀ bú bí ìbọn. Ara àwọn mìíràn kàn bó díẹ̀ ni, àmọ́ àfọ́kù kan wọ ojú ọ̀tún ọ̀gá mi. Ojú náà kò ríran mọ́ títí ó fi kú.

Mo sunkún lórí ibùsùn rẹ̀ ní ọsibítù. Inú bí mi sí gbogbo Ndokoti, mo ń ṣépè fún àwọn tó ti ara wọn. Ọ̀gá ní kí n dákẹ́. Ó ní, "Mùsíbáù, wọn ò bá mi jà. Ọba ni wọ́n fẹ́ rí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọba kì í mọ ibi tó ń tẹ̀." Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé dígí náà fún mi, nítorí ojú kan kì í mọ jíjìn àti sísúnmọ́. Igun kan ti sán lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìjàǹbá yẹn. N kò pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Tẹlifíṣọ̀n dúdú àti funfun lọ, aláwọ̀ mèremère dé. Èyí tó yọ ikùn sẹ́yìn lọ, èyí tó pẹlẹbẹ bí tírè dé. Òpó áńtẹ̀nà tí mo ti gùn kọjá kíkà, abọ́ orí òrùlé ló gba ipò rẹ̀, mo sì ń gun òrùlé káàkiri àdúgbò Bonabéri nínú òjò títí orúnkún mi fi ní ó tó. Irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ òjé ni wọ́n fi mọ̀ wá tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, bí tẹlifíṣọ̀n bá bàjẹ́, pákó kékeré kan tí iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀ ni wọ́n ń yọ tí wọ́n ń fi òmíràn sí, bí kò bá sì gbọ́, wọ́n á jù ú nù. N kò bá ìgbà jà. Mo kàn ń gbé dígí mi sínú àpò nìṣó, kódà nígbà tí kò sí ohun tí mo ń fi í ṣe mọ́. Àwọn ọmọ mi á ní, "Papa, le miroir là, ẹ fẹ́ máa fi ya irun ni?" Irun wo ló kù lórí mi?

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí. Òun ni mo fi ń dá àwọn tó bi mí ní ìbéèrè lóhùn.

Ìyá Ṣàdíátù ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Marché Dakar, ọjà kan ní Douala níbí. Ọmọ Ìlọ́fẹ̀ ni, láti Ilé Alápòótí. Láyé àtijọ́, ilé wọn ló ń gbé àpótí tí ọba Ìlọ́fẹ̀ ń jókòó lé, kò sí ilé mìíràn. Ọwọ́ òsì ọba ni wọ́n ti ń gbé e wá, nítorí idà ló ni ọ̀tún. Èèwọ̀ wọn sì ni pé láti ìgbà tí ọba bá ti dìde títí yóò fi jókòó, ọmọ Alápòótí kan kò gbọdọ̀ gbé ojú sókè. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìgbà tí Ìyá wà ní ọmọge, bàbá rẹ̀ bá ọba ìgbà náà ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ilẹ̀ oko. Ọba gba àpótí lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún ilé mìíràn. Ọ̀tún ni ilé yẹn ti ń gbé e wá, nítorí òsì kì í ṣe tiwọn. Ìtìjú lé bàbá Ìyá kúrò nílùú, ó mú ọmọ rẹ̀ dání wá sí Cameroun. Ìyá sì búra pé òun ò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ Ìlọ́fẹ̀ mọ́ àyàfi bí àpótí bá padà sílé àwọn.

Ọkọ rẹ̀ kú síbí, ó lọ́mọ, ó lọ́mọ-ọmọ, ara rẹ̀ ò gbé kánkán mọ́. Ilé ló ń wù ú. Ẹ ó rí i tí yóò gbé abọ́ dání, tí yóò máa wo apá ìwọ̀-oòrùn. Mo bi í nígbà kan pé, "Ìyá, ẹ ò ṣe kúkú lọ?" Ó ní, "Kí n lọ bá ta ni? Kí n máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí olè?"

Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ọba yẹn wàjà, wọ́n mú òmíràn. Lásísì, àbúrò Ìyá tó kù nílé, tẹ̀ ẹ́ láago pé Kábíyèsí tuntun fẹ́ dá àpótí padà fáwọn, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè kan fárígá. Ó ní, "Wọn ò tíì parí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Orí pápá la ó ti mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dé e ládé. Tẹlifíṣọ̀n máa gbé e. Ẹ wò ó." Látọjọ́ náà ni Ìyá ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Mùsíbáù, ṣé a máa rí i dáadáa? Mùsíbáù, bí iná bá lọ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ ìwúyè, gbogbo ọmọ Ìlọ́fẹ̀ tó wà ní Douala kún ilé ìpàdé wa ní Ndokoti, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, arúgbó àti èwe. Tẹlifíṣọ̀n ńlá ni wọ́n gbé wá, àmọ́ ihò tí wáyà ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti fẹ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ mú wáyà náà, àwòrán á dúró. Bí mo bá jáwọ́, ó lọ. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i nígbà yẹn ju kí n dì í mú lọ. Mo bá gbé dígí mi jáde, mo gbé e sórí àga níwájú, mo sì kó sí ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ wa bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ń ṣe àríwísí ní tiwọn. Ẹnìkan ní adé náà kéré sí ti ọba àná. Òmíràn ní kámẹ́rà ń wo mọ́tò gómìnà ju ọba lọ. Wọ́n tún ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ènìyàn dọ̀bálẹ̀ fún ọba inú tẹlifíṣọ̀n. "Mais c'est la télé, Papa! Il ne vous voit pas!" Àíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ-ọmọ Ìyá Ṣàdíátù. Alága ẹgbẹ́ wa, Alhaji Gàníyù, wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bí kò rí mi, èmi rí i. Ọba ni ọba, ibi yòówù kó wà."

Kábíyèsí dìde. Ẹ wo bí ilé ṣe wó! Àwọn ọkùnrin na gbalaja, àwọn obìnrin wà lórí ìkúnlẹ̀, "Kábíyèsí o! Kádé pẹ́ lórí!" Ìyá Ṣàdíátù fi iwájú orí kan símẹ́ńtì, bí èèwọ̀ ilé wọn ṣe wí. Àwọn ọmọ wa yí fóònù kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó di ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó wà nílẹ̀, wọ́n ń ya wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alhaji Gàníyù gbórí díẹ̀, ó rí mi lórí ìdúró, ó jágbe mọ́ mi. "Mùsíbáù! Dọ̀bálẹ̀!"

Mo ní, "Alága, bí mo bá dọ̀bálẹ̀, Kábíyèsí á lọ!"

Bó ṣe jẹ́ pé nínú gbogbo ilé yẹn, ojú mi nìkan ló wà lára àwòrán nìyẹn, inú dígí sì ni. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn Kábíyèsí lákòókò náà, tí òsì rẹ̀ fi jẹ́ òsì wa. Nínú dígí, ọkùnrin kan gbé àpótí wọlé láti apá ọ̀tún, orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ débi pé n kò rí ojú rẹ̀. Ó gbé àpótí kalẹ̀. Kábíyèsí jókòó. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde nílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ti gbé mọ́tò gómìnà padà.

Ìyá gbórí sókè. "Ta ló gbé e? Ta ló gbé e?" Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Àwọn ọmọ ń wo fóònù wọn. Kò sẹ́ni tó rí i. Ojú Ìyá ń yí kiri láàárín wọn, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo jáwọ́ lára wáyà, àwòrán sì lọ.

Mo ní, "Mo rí i, Ìyá. Òsì ló gbà wọlé."

Ó wò mí, ó wo dígí. "Nínú èyí?"

"Nínú rẹ̀ ni. Ọ̀tún ni mo rí i, òsì ló wà."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò gbójú sókè rárá."

Ó wá ní, "Mo gbọ́, Mùsíbáù. O kì í parọ́. Ṣùgbọ́n ojú olójú ò jọ ojú ẹni." Ó kó gèlè rẹ̀, ó lọ sílé. N kò bínú sí i. Nǹkan tí ènìyàn ti ń retí láti ìgbà ọmọge, ta ni yóò fi dígí sísán gbà á?

Wọ́n pe Lásísì títí, kò wọlé. Àíṣà wá gbogbo fídíò ìwúyè náà, adé, gómìnà, àti àwọn oníjó ló kún inú wọn. Fídíò tiwa tí àwọn ọmọ yà ló lọ káàkiri. Àwọn ọlọ́kadà ní Ndokoti ń pariwo sí mi, "Papa Télé, on t'a vu! A rí ẹ o!" Wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù, wọ́n ń tẹríba fún fóònù ara wọn. Àwọn kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ògo ni. Àwọn kan kọ ọ́ pé àwọn arúgbó yìí ń bọ gíláàsì. Ní Marché Dakar, àwọn ọmọge ń fi Ìyá ṣe yẹ̀yẹ́, ni Mama Jeanne, ará ìwọ̀-oòrùn Cameroun tí wọ́n jọ ń tajà, bá dá wọn lẹ́kun. Ó ní, "Chez nous aussi, on ne regarde pas le chef, a kì í wo ojú ọba. Ẹ lọ bi ìyá yín." Wọ́n bá tiwọn lọ. Ìyá jókòó láàárín ìkòkò rẹ̀, kò polówó ọjà.

Mo wà níbẹ̀, mo ń bá a tún rédíò kékeré rẹ̀ ṣe, nígbà tí ìpè wọlé. Àíṣà tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Lásísì ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fi yín hàn mí. Fídíò yín ti dé Ìlọ́fẹ̀. Iwájú orí yín wà lórí símẹ́ńtì, ẹ ò gbójú sókè."

Ìyá ní, "Lásísì, ìwọ ló gbé e?"

"Èmi ni o. Wọ́n ní gbogbo ayé ló wà lórí pápá yẹn, mi ò rí ẹnì kankan. Ilẹ̀ ni mò ń wò títí Kábíyèsí fi jókòó. Ẹ̀yin nìkan ni mo rí, nínú fóònù. Èmi àtẹ̀yin la jọ gbé e, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Ìyá bú sẹ́kún láàárín ọjà. Mama Jeanne gbá a mọ́ra, Àíṣà náà ń sunkún, kò tilẹ̀ rántí ya fídíò. Èmi, arúgbó bí mo ṣe dà yìí, mo fi aṣọ ìnurédíò nu ojú. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Kò pẹ́ sígbà náà ni a sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Ó gbá mi léjìká, ó ní, "Òsì ni, àbí?" Mo ní, "Òsì ni, Ìyá."

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Dígí wà lórí ògiri pálọ̀ mi, ó ṣì sán nígun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá pè mí láti Ìlọ́fẹ̀, ìpè tí ènìyàn fi ń rí ojú ara. Ó ń gbé fóònù yí agbolé ká, ó ń fi kànga hàn mí, ó ń fi yàrá tí wọ́n bí i sí hàn mí. Lójijì, ó dúró.

"Mùsíbáù, níbo lo wà? Ògiri nìkan ni mò ń rí."

Mo wò ó. Àṣà ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti dojú kámẹ́rà fóònù kọ ògiri, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ́ síwájú, jẹ́ kí n rí ẹ. O ti pẹ́ lẹ́yìn jù."

Mo yí i padà. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó wá yí fóònù tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ògiri yàrá ńlá, níbi tí wọ́n gbé àpótí Kábíyèsí sí lórí ẹní. Ojú mi gan-an ló rí i, kì í ṣe inú dígí. Mo rántí ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn wà nílẹ̀ tí èmi nìkan dúró. Mo gbé fóònù sórí àga, mo fi ti ẹ̀yìn àga kó má baà ṣubú, mo sì jáwọ́ lára rẹ̀. Orúnkún mi ké, n kò dá a lóhùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àwòrán náà kò lọ.